Ọmọ mi ń lọ wo ilé Dobrović ní Belgrade

Ìyá Dàpọ̀, Leeds: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ń lọ sí Belgrade, olú-ìlú Serbia, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí ilé tí Nikola Dobrović kọ́. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ní o. Ṣé wọ́n á jẹ́ kó wọlé? Ta tiẹ̀ ni Dobrović?

Kúnlé, Vienna: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹni tó bá ní físà tàbí ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà tàbí Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà) tí ọjọ́ ẹ̀ kò tíì kọjá lè wọlé láìgba físà Serbia, bí kò bá ti ní lò ju 90 ọjọ́ lọ. Kó ṣì yẹ ìkànnì ẹ́ḿbásì wọn wò kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé ìgbélùú tiyín wà báyìí, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí fóònù lè kú mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì ìgboro láti January 2025.

Ayàwòrán-ilé ni Dobrović. Ìlú Pécs ní Hungary ni wọ́n ti bí i ní 1897. Ó kàwé ní Prague, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó wá bọ́ sí etíkun Dubrovnik ní Croatia. Òun ló kọ́ Grand Hotel erékùṣù Lopud. Ní Belgrade, ilé kan ṣoṣo ló kọ́: Generalštab, ilé àwọn ọ̀gá ológun. Apá méjì ni, títì Nemanjina la àárín wọn kọjá. Òkúta pupa rúsúrúsú tí wọn ò dán ni wọ́n fi bo ara ẹ̀, ó sì ń ga sókè ní ìpele ìpele bí ẹ̀gbẹ́ àfonífojì. NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ju bọ́ǹbù lù ú ní 1999. Nígbà tí mo lọ, irin ṣì ń rọ̀ dirodiro láti àjà tó ya, ẹyẹlé tò lé e. Kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kó tó gbé kámẹ́rà sókè o.

Rónkẹ́, Houston: Ẹ ò sọ èyí tó kàn wá! Trade Fair ọ̀nà Badagry l'Ékòó, ará Belgrade ló ya àwòrán ẹ̀: Zoran Bojović, ti iléeṣẹ́ Energoprojekt. 1977 ni wọ́n ṣí i. Mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ọ ni!

Ìyá Dàpọ̀, Leeds: Háà! Trade Fair tí bàbá ẹ̀ ti ta pààtì mọ́tò fún ọdún 9? Ẹ jẹ́ n pè é. Kúnlé ọmọ mi, ṣé òtútù wà níbẹ̀?

Kúnlé, Vienna: Ó wà mà. Ẹ di súwẹ́tà méjì fún un.