Ẹ bá mi dá sí ara gìtá onígi yìí kí n tó kùn ún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ igi Ìlọrin. Ara gìtá oníná tó jẹ́ mahogany ni mo ń pèsè. Sáńpépà 120 ni mo kọ́kọ́ fi ha á, lẹ́yìn náà 180, kí n tó fi 220 parí (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ṣe kúnná tó), mo ń tẹ̀lé ìlà igi. Mi ò fọwọ́ kan inú ihò tí ọrùn ń wọ̀, torí bó bá fẹ̀, ọrùn á máa mì.

Ibi tí wọ́n ti gé igi lábùú, ní ìwo méjèèjì (ṣóńṣó méjì tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn), ló ń dà mí láàmú: ó ń mu àwọ̀ jù, ó sì ń dúdú ju ibòmíràn lọ. Ṣé kí n ha ibẹ̀ nìkan dé 320, àbí kí n kọ́kọ́ fi síílà (ohun tí a fi ń dí ojú igi kó má baà mu àwọ̀ jù) tí mo fi tínà là pa á? Ẹ̀rù síílà ń bà mí, torí bó bá kán sí ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ ò ní wọlé níbẹ̀ mọ́.