Dáṣíbọọ̀dù kú, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ o, mọ́tò mi ti dàgbà, ó ń sítáàtì dáadáa ṣùgbọ́n géèjì epo, géèjì ooru, gbogbo iná ojú dáṣíbọọ̀dù ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, mo wo fíúsì kò jó. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

— Ojú nìkan ò tó o. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kẹ́ ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọn ẹsẹ̀ fíúsì méjèèjì, bíi fóltì (volt) 12 ló yẹ kó gbé. Tí kò bá sí iná lẹ́sẹ̀ kankan, ẹ fura sí swíìsì kọ́kọ́rọ́.

— Tíná bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Wáyà áàtì (earth, èyí tó so mọ́ irin ara mọ́tò) ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù lèmi á kọ́kọ́ tú, kí n ha ìpẹtà ẹ̀ dànù, torí ìyẹn gan-an ló máa ń pa gbogbo géèjì pọ̀. Ẹ yọ orí nẹ́gátífù bátìrì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án o!

— Ẹ má sì fi fíúsì tí áńpù rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dán an wò, wáyà lè gbiná.