Orúnkún onírin màmá mi ń wú, láàbù ní àwọn ò rí nǹkan kan

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa láàbù. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti fi onírin pààrọ̀ orúnkún màmá mi, wọ́n ń dá lọ sọ́jà Sábó fúnra wọn, àfi bó ṣe di oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀, kò síbà, ìrora ṣáá ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti fa omi ibẹ̀, lọ́jọ́ kẹta láàbù á kọ "no growth", pé nǹkan kan ò hù. Ṣé kò sí kòkòrò ńbẹ̀ nìyẹn? Ọkàn mi ò balẹ̀.

Aláàbù Ẹ̀pẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Ọjọ́ mẹ́ta ti kéré jù. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes, awọ ara wa náà ló ń gbé, kì í fẹ́ atẹ́gùn, kì í sì í kánjú, ó lè tó ọjọ́ 14 kó tó hù. Tó bá ti dé ara irin, á ta nǹkan yọ̀ọ̀ bora bí ọbẹ̀ ilá, abẹ́ ẹ̀ ló máa sá pamọ́ sí, ìyẹn ni kì í fi í pọ̀ nínú omi tí wọ́n fà. Ṣé màmá ti lo antibáyọ́tíìkì?

Ọmọ Ìkòròdú: Há, wọ́n lò ó o! Kápúsù pupa àti dúdú yẹn, látọ̀dọ̀ kẹ́mísítì.

Aláàbù Ẹ̀pẹ́: Ó lè jẹ́ òun ló pa á mọ́ wa lójú. Dókítà lè ní kí wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tún fa omi míì níbẹ̀, àmọ́ ẹ má fúnra yín dá a dúró o. Bí wọ́n bá máa ṣí orúnkún náà, kí wọ́n gé ẹran níbi bíi márùn-ún, kálukú nínú ike tiẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi òwú nù ún. Bí kòkòrò kan náà bá hù nínú méjì, a ti mú un. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ pé ara awọ ló ti bá a wá. Tí kò bá hù rárá, wọ́n lè ka 16S, ibi kan nínú DNA tí gbogbo bakitéríà ní, ibẹ̀ la ti ń mọ orúkọ ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Àgbádárìgì: Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn o. Àbúrò mi SS ni, ìbàdí onírin ni wọ́n ṣe fún un, kòkòrò Salmonella ni wọ́n padà bá ńbẹ̀. Inú ló kọ́kọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ò mọ̀ pé ó kan ìbàdí.

Aláàbù Ẹ̀pẹ́: Òótọ́ ni mà. Wàrà tútù náà ńkọ́? Kòkòrò Brucella máa ń wà nínú wàrà tí wọn ò sè, ó lè dé ara irin, táwa tá a wà ní láàbù bá sì lọ ṣí i láìmọ̀, a lè fà á símú. Ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Ọmọ Ìkòròdú: Wàrà Fúlàní ọ̀hún, màmá kì í fi ṣeré! Mọ́ńdè la máa padà lọ, èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́ síbẹ̀.