Southern Alliance ọdún 1892: kí ló dé tí líìgì náà kò fi ju sáà kan lọ?

Bàbá Ìbejì béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Nínú àwọn ìbejì mi tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, Táíwò ti fi ara rẹ̀ fún Tottenham Hotspur, èmi àti Kẹ́hìndé sì jẹ́ ti Arsenal, nítorí náà ẹ̀yin náà á ti mọ bí ọjọ́ Sátidé ṣe máa ń rí nínú ilé wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Táíwò wá sọ fún mi pé kí ẹgbẹ́ òun tó wọ Southern League ní ọdún 1896, wọ́n ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì kan tí ó ń jẹ́ Southern Alliance, ní sáà 1892 sí 1893, láyé Ọbabìnrin Victoria, àti pé líìgì náà kò rí sáà kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Àwọn ẹgbẹ́ wo ni wọ́n jọ wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, kí ló sì pa líìgì náà?

Olùkọ́ Ìtàn fèsì pé:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Òtítọ́ ni Táíwò sọ. Ẹgbẹ́ méje ni ó wà nínú rẹ̀: Old St Stephen's, Erith, Tottenham Hotspur, Polytechnic, Slough, Windsor & Eton àti Upton Park. Old St Stephen's ló gba ipò kìíní, Erith ṣe ìkejì, Tottenham sì ṣe ìkẹta. Wọn kì í sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán ní ọ̀sán Sátidé ló ń lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Kí a tó béèrè ohun tó pa á, ó yẹ kí a mọ ohun tó bí i. Láti ọdún 1888 ni Football League ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjìlá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá, apá àríwá àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá, níbi tí sísanwó fún agbábọ́ọ̀lù ti di ohun tí òfin fọwọ́ sí láti ọdún 1885. Ní gúúsù, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù kò dára rárá. Nígbà tí Royal Arsenal bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ní ọdún 1891, ẹgbẹ́ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù lé wọn jáde, ìyẹn ni pé wọn kò lè bá àwọn aládùúgbò wọn du ife-ẹ̀yẹ mọ́. Nítorí èyí ni Arsenal fi pe àwọn ẹgbẹ́ gúúsù jọ sí Anderton's Hotel ní òpópónà Fleet Street, ní oṣù Kejì ọdún 1892, pé kí wọ́n dá líìgì tiwọn sílẹ̀. Wọ́n dìbò láti yan àwọn tí yóò wà nínú rẹ̀, Tottenham náà sì dúró fún ìdìbò náà. Ibo kan ṣoṣo ni wọ́n rí.

Líìgì tí wọ́n pète náà kò dìde rárá, nítorí pé àwọn aláṣẹ kọ̀ ọ́, ẹ̀rù sì ba àwọn ẹgbẹ́ tó kù. Arsenal ní tiwọn bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì wọ Ìpele Kejì Football League ní ọdún 1893, ẹgbẹ́ gúúsù àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni Southern Alliance bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí kò fẹ́ fa wàhálà owó.

Ìyá Láyọ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Lójú tèmi, ohun tó pa á ni pé kò sí ohun tó de ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Nínú irú bọ́ọ̀lù yẹn, ìdíje ife-ẹ̀yẹ àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni ó ń mú èrò wá sí pápá. Tí ti líìgì bá wá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ti líìgì ni wọ́n máa ń sún síwájú. Ẹ wo tábìlì ìparí sáà náà: Tottenham gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìlá tó yẹ kí wọ́n gbá pé, ṣùgbọ́n Upton Park kò gbá tiwọn tán. Líìgì tí a kò ka iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ pé, ta ni yóò san owó ọkọ̀ ojú irin nítorí rẹ̀ ní ọdún kejì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn bàtà, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ owó ṣe le tó nígbà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1893, lẹ́yìn tí líìgì náà ti kógbá sílé, agbábọ́ọ̀lù Fulham kan tí ó ń jẹ́ Ernie Payne, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà mú wọ pápá, gbà láti gbá bọ́ọ̀lù fún Tottenham. Nígbà tí ó lọ kó ẹrù rẹ̀ ní Fulham, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ lásán ló gbé dé Tottenham. Wọ́n wá aṣọ fún un, ṣùgbọ́n bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu kò sí. Ni wọ́n bá fún un ní ṣílè mẹ́wàá kí ó lọ ra òmíràn. (Ẹ̀yin tí ẹ ná ṣílè kí náírà tó dé, ẹ ó rántí pé kì í ṣe owó yẹpẹrẹ.) Fulham gbé wọn lọ síwájú àwọn aláṣẹ Lọ́ńdọ̀nù pé wọ́n sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Tottenham ní ẹgbẹ́ ló ni bàtà náà, kì í ṣe Payne, ṣùgbọ́n wọ́n dá wọn lẹ́bi. Wọ́n dá Payne dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì dá Tottenham dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1895, ni Tottenham fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún agbábọ́ọ̀lù.

Olùkọ́ Ìtàn tún fèsì pé:

Ìyá Láyọ̀, ẹ káre. N óò fi ti Upton Park kún un, nítorí pé wọ́n ṣe mí ní kàyéfì. Àwọn ni wọ́n fẹjọ́ Preston North End sùn ní ọdún 1884 pé wọ́n ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Ẹjọ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí òfin yí padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn náà tí wọ́n wà nísàlẹ̀ Southern Alliance yìí ni wọ́n lọ ṣojú Great Britain níbi Òlíńpíìkì Paris ní ọdún 1900, tí wọ́n sì na àwọn ará Faransé ní ayò mẹ́rin sí òdo.

Bàbá Ìbejì fèsì pé:

Ẹ ṣé gidigidi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí àwọn ìbejì. Kẹ́hìndé fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn Tottenham fúnra wọn ló di ibo kan ṣoṣo yẹn.

Olùkọ́ Ìtàn fèsì pé:

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ létí Táíwò.