Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta láti Darfur ò jẹun, ẹ gbà mí o

Káyọ̀dé, Leeds: Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, ẹ dákun. Ìyá kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta tó sá ogun wá ló wà nílé tí mò ń bójú tó; ará El Geneina ní Darfur, ní Sudan, ni wọ́n. Alẹ́ àná ni wọ́n tẹ ìyá láago pé ọkọ ẹ̀ ti kú. Ó ń ké, ó ń yí nílẹ̀. Ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún 11, ló ń túmọ̀ fún mi. Ṣé kí n pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú ọba? Ta ni màá sì fà wọ́n lé lọ́wọ́ ní Mọ́ńdè?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Sùúrù. Bí ọkọ bá kú n'Íjẹ̀bú, ṣé a kì í yí nílẹ̀ ni? Mo ti pe áńbúláǹsì sírú ẹ̀ rí. Yúnífọ́ọ̀mù làwọn ọmọ rí tí wọ́n fi kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wá obìnrin kan, kó bọ́ bàtà, kó jókòó tì í nílẹ̀. Omi, tíì oníṣúgà. Ìwọ, ẹnu ọ̀nà ni kó o dúró sí.

Ọmọ Akárìgbò, Houston: Kó yọ ọmọ yẹn kúrò nídìí ìtumọ̀ o.

Dàpọ̀, Peckham: Nínú pàjáwìrì? Ẹnu tó wà nílẹ̀ la ń lò.

Ọmọ Akárìgbò: "Ibo ló ń dùn yín?" nìkan ni kó fi ọmọ bi. Ṣé ọmọ ló máa bi ìyá ẹ̀ bóyá ó fẹ́ pa ara ẹ̀? Ìyá á purọ́ ni.

Dàpọ̀: Ẹ pe ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá ní mọ́ṣáláṣí nígbà náà.

Ìyá Ìbejì: Dàpọ̀! El Geneina lo gbọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yà Masalit ni wọ́n, ẹ̀yà àwọn jàǹdùkú Lárúbáwá tó lé wọn jáde ní 2023 lẹ lè mú wọlé tọ̀ wọ́n. Káyọ̀dé, bi ìyá gan-an: èdè wo, obìnrin àbí ọkùnrin, ará ibo ni kò fẹ́. Ògbufọ̀ orí fóònù ni kó o gbà, má dárúkọ ìyá fún un. Fi sí sípíkà, gbé e sílẹ̀ láàárín yín, ṣùgbọ́n ojú ìyá ni kó o máa wò. Gbólóhùn méjì, kó o dúró. Kìlọ̀ fún ògbufọ̀ ṣáájú pé kó má bu oyin sí i: "Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín?" Bó bá yí i sí "ṣé inú yín bà jẹ́?", òfo ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kó oògùn kúrò nítòsí, pe 999. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, pe 111 ti NHS, kó o tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni opó fi ń jókòó nílé; tí wọ́n bá fẹ́ kó wọn lọ ilé mìíràn láàárín ẹ̀, tètè sọ̀rọ̀. Má sì bẹ̀rẹ̀ "lórúkọ Jésù" o, mo mọ ará Leeds.

Dàpọ̀: Manchester tí kò rí oòrùn rí ló ń kọ́ wa.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ewùrà bí ẹni ta góòlù.

Ọmọ Akárìgbò: Ẹ má dárúkọ ewùrà, ìkọ́kọrẹ́ ń pa mí. Ti Rẹ́mọ, ojúlówó.

Dàpọ̀: Èwo ni ti Rẹ́mọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò ó kúnná bí ẹ̀kọ mímu?

Káyọ̀dé: Masalit ni wọ́n lóòótọ́. Ó ti mu tíì díẹ̀. Ti Mọ́ńdè ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?

Dàpọ̀: Ta ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Ojúde Ọba? Ọjọ́ kẹta Iléyá ò jìnnà mọ́ o.