Island àbí tábìlì ìjẹun ńlá: èwo ló yẹ ilé ìdáná?

Onílé Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Yàrá tó wà fún ìdáná àti ìjẹun pọ̀ jẹ́ mítà 3.6 ní ìbú, mítà 5.4 ní gígùn. A ò tíì da German floor (kọnkéré ilẹ̀ ilé), torí náà páìpù ṣì lè gba ibi tó bá wù wá. Ènìyàn mẹ́fà ló ń jẹun nílé, àlejò a sì máa dé. Káfíńtà ní tábìlì, ayàwòrán ilé ní island, ìyẹn kọ́ńtà tó dá dúró láàárín ilé ìdáná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ là wá lọ́yẹ.

Ayàwòrán Ilé:
Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ìbú. Kábíńẹ́ẹ̀tì ara ògiri gba sẹ̀ǹtímítà 60. Ọ̀nà tí alásè á máa gbà kò gbọdọ̀ dín ní 105. Bó bá jẹ́ ẹni méjì ló ń dáná pọ̀, ẹ jẹ́ kó tó 120. Island fúnra rẹ̀ gba 90. Ẹ fi 105 míì sẹ́yìn rẹ̀. Ó di 360 géérégé. Ìyẹn ni pé ògiri kan ṣoṣo ni kábíńẹ́ẹ̀tì lè wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ sí ògiri méjèèjì, ó di 420, yàrá yín ò sì gbà á. Ẹ rántí pé rírẹ́ ògiri àti táìsì náà ń jẹ nínú ìbú. 360 orí pépà kì í ku 360 tí wọ́n bá parí ilé.

Asọ̀rọ̀ṣókí:
Tábìlì.

Káfíńtà Bódìjà:
Asọ̀rọ̀ṣókí, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún wọn. Ẹnì kan gba 60 cm létí tábìlì. Island tó gùn ní 240, ẹni mẹ́rin ló lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ kejì ni dúrọ́ọ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù wà. Ènìyàn mẹ́fà lẹ pè. Àwọn méjì tó kù ńkọ́? Àwọn mẹ́rin yẹn pàápàá, ṣe ni wọ́n máa tò bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò, ojú ò ní kojú.

Tábìlì 240 sí 100: mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ẹnì kan ní orí kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ nìyẹn láìfún ara wọn. Tí àlejò bá dé, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gba mẹ́rin, kí gbogbo ẹ̀ di mẹ́wàá, àmọ́ ẹ ní kí káfíńtà ti ẹsẹ̀ tábìlì wọnú díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá wà ní igun gan-an ló máa ń gba ibi orúnkún ẹni tó bá jókòó sétí. Nínú yàrá 360 yín: kábíńẹ́ẹ̀tì 60, àyè 110, tábìlì 100, àyè 90 láti etí tábìlì dé ògiri fún àga. Ó ṣe wẹ́kú.

Ìyá Olóúnjẹ:
Ẹ wo gíga kẹ́ ẹ tó wo ẹwà. Island máa ń ga tó 90 cm. Ó dáa fún gígé ẹran, rírẹ́ àlùbọ́sà àti bíbu oúnjẹ sáwo. Ṣùgbọ́n ẹ gbé gáàsì orí tábìlì lé e: 10 cm ti gorí ẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò àmàlà lé gáàsì: 20 cm míì. Ẹnu ìkòkò ti ga tó 120, bẹ́ẹ̀ ìgúnpá ẹni tó ga ní 160 cm kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100. Apá lásán ló máa fi rò ó. Èjìká àti ìwọ̀n ara ò ní bá a dá sí i. Àmàlà á di kókó, ọrùn ọwọ́ á sì máa ro alásè. Ibi tí wọ́n ti ń ro oúnjẹ òkèlè ò yẹ kó ga ju 75 lọ, gíga tábìlì gan-an nìyẹn. Ṣíṣa ẹ̀wà, bíbó ẹ̀gúsí, jíjá ẹ̀fọ́, nína ìyẹ̀fun chin-chin, gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ 75, orí àga la sì ti ń ṣe é.

Àdùkẹ́ Ìdáná:
Ẹ ṣé gan-an, màmá. Wọ́n á ní elùbọ́ ni ò dáa, wọ́n á ní òrógùn ni!

Alásè Àríyá:
Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ jẹ́ n fi ti iyán kún un. Ilẹ̀ lodó ń gbé. Island tó bá dúró sí àárín ló máa ń gba ibi tí ẹni tó ń gúnyán yẹ kó dúró sí. Àyè 105 tí ọ̀gá ayàwòrán fi sílẹ̀ tó fún ẹni tó ń kọjá, kò tó fún ẹni tó ń gbé ọmọ odó sókè.

Tunde 4 Flat:
Ta ló tún ń gúnyán nínú kíṣìnì? Ẹ̀rọ ti wà.

Alásè Àríyá:
Ẹ̀rọ kì í fa iyán bí odó, àbúrò. Ọ̀bẹ ẹ̀ ń gé iṣu ni, kì í gún un.

Àdùkẹ́ Ìdáná:
Ẹ̀yìnkùlé ni kódó wà jàre. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbàlagbà:
Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba àga. Àga tó bá island 90 cm mu, ibi ìjókòó rẹ̀ ga tó 60 sí 65 cm. Ẹsẹ̀ ò ní kanlẹ̀. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn á ní láti gùn ún, kò sì síbi tó máa fọwọ́ mú. Èyí tó dáa fún wọn ni ìjókòó 45 sí 48 cm, tó ní ẹ̀yìn, tó ní apá tí wọ́n á fi ti ara wọn dìde. Bí ìyá tàbí bàbá bá ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ yín, tábìlì ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ìyá Olóúnjẹ:
Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Ṣé a máa ní kí ìyá ọkọ lọ jókòó sí pálọ̀ lóun nìkan ni, kí àwọn ọmọ máa jẹun níbi tó ga sí i?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston:
Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àdùkẹ́ Ìdáná:
Ọmọdé náà ńkọ́? Wọ́n máa ń fẹsẹ̀ ti ara island, àga á sì dà sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá máa ra àga gíga, ẹ wá èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ là síta ju ìjókòó rẹ̀ lọ, tó sì ní irin ìgbẹ́sẹ̀lé.

Tunde 4 Flat:
Ẹ ṣe island náà ní 75 kí gbogbo wa sinmi.

Káfíńtà Bódìjà:
Tábìlì tẹ́ ẹ kan kọ́bọ́ọ̀dù sábẹ́ ẹ̀ nìyẹn o, orúnkún ò sì ní ríbi wọ̀. Nǹkan kan wà tó dára jù ú lọ: ẹ jẹ́ kí island ga ní 90, kó gùn ní 120 péré, kí tábìlì 75 wá lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ kan. Àmọ́ gígùn rẹ̀ lápapọ̀ kì í dín ní mítà mẹ́ta, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè gba orí rẹ̀ méjèèjì kọjá.

Púlọ́ńbà Mushin:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sínkì lórí island, ọ̀rọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Páìpù omi ìdọ̀tí, 50 mm, gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ ní 2.5 cm nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Bí island bá jìnnà sí ògiri ìta ní mítà mẹ́rin, ìsàlẹ̀ páìpù ti lọ sílẹ̀ ní 10 cm kó tó jáde. Tẹ́ ẹ bá ti da German floor tán, fífọ́ ló kù. Ohun kejì ni afẹ́fẹ́. Sínkì ara ògiri lè ní páìpù afẹ́fẹ́ tó gba ara ògiri lọ sókè. Ti island ò níbi tó máa gbà, omi tó ń ṣàn lọ á fa omi tó wà nínú trap (páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ sínkì, tí omi inú rẹ̀ ń dí òórùn) tẹ̀ lé e, òórùn kòtò á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi ọmọrí afẹ́fẹ́ tó ń ṣí sínú nìkan sábẹ́ sínkì, kó ga ju trap lọ, kọ́wọ́ sì lè tó o torí ó máa ń bàjẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston:
Ọ̀gá púlọ́ńbà, ti ibí tún le ju ìyẹn lọ. Island ti máa ń wà nílẹ̀ kéèyàn tó ra ilé, pẹ̀lú sínkì àti ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ kó lè gbé tábìlì ńlá síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ní Texas ló dúró lórí kọnkéré tí wọ́n fi okùn irin fà le. Tí wọ́n bá gé okùn kan níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá páìpù, ó lè ta jáde kó ṣe èèyàn léṣe, ilẹ̀ náà ò sì ní lágbára bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú kọnkéré kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹlẹ́rọ Gáàsì:
Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbé iná gáàsì sórí island, ẹ bi í pé ibo ni sìlíńdà á wà. Sìlíńdà 12.5 kg ò gbọdọ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sọ̀ sí, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó dé pinpin ló sì máa kó jọ sí. Ìta ni sìlíńdà á wà, nínú àgò irin tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí páìpù bàbà gba ara ògiri wọlé. Island ò ní ògiri. Abẹ́ táìsì ni páìpù máa gbà, kò sì sẹ́ni tó lè rí i mọ́.

Tunde 4 Flat:
Ilé mélòó ló wà ní Lẹ́kí tí gáàsì wọn wà lórí island? Wọ́n ṣì ń dáná.

Ẹlẹ́rọ Gáàsì:
Mi ò ní kò ṣeé ṣe. Bó bá pọn dandan, kí páìpù abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ odindi kan láìní oríkèé, kó wà nínú páìpù míì tó tóbi jù ú lọ, tí ẹnu rẹ̀ kan ṣí síta ilé. Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ iná náà, ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá so ó tán, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi kanrinkan pa á yí gbogbo oríkèé po. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Rọ́bà tí wọ́n kàn fà gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ẹ má gbà fún wọn, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Olóúnjẹ:
Èéfín ata díndín náà ńkọ́? Láàárín yàrá, gbogbo ilé ló ń tàn ká. Aṣọ fèrèsé pálọ̀ á máa rùn ẹja.

Ayàwòrán Ilé:
Heat extractor (ẹ̀rọ tó ń fa èéfín) tó rọ̀ láti òkè ni wọ́n ń lò, màmá. Kó ga tó 65 sí 75 cm sí iná, kó fẹ̀ ju iná náà lọ. Ẹ rí i pé páìpù rẹ̀ jáde síta ilé. Èyí tó kàn ń sẹ́ èéfín tó sì ń dá a padà sínú yàrá kì í lé ooru, kì í lé ọ̀rinrin, àjà POP á sì pọ́n láìpẹ́. Èmi náà ò fara mọ́ iná lórí island. Orí tó tẹ́jú gbalaja fún gígé nǹkan ni mo ń wí.

Oní Gíránáìtì:
Ẹ fetí sí ti òkúta. Gíránáìtì 20 mm wúwo tó 54 kg nínú mítà kan níbùú lóròó. Orí island 240 sí 90 á tó 117 kg. Tó bá jẹ́ 30 mm, ó lé ní 170. Ibi tí orúnkún máa wọ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta tó 38 cm, bẹ́ẹ̀ 20 mm ò yẹ kó yọ ju 15 lọ láìsí irin lábẹ́, 30 mm ò yẹ kó ju 25. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ gbé e, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ara igi kábíńẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi ara tì í ló máa ń ṣẹ́ ẹ. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń mu epo pupa, ẹ fi òògùn tó ń dí ihò ara òkúta pa á kẹ́ ẹ tó lò ó. Mábù ni kẹ́ ẹ sá fún: omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátì máa ń jẹ ojú rẹ̀.

Àdùkẹ́ Ìdáná:
Igi abẹ́ ẹ̀ ńkọ́? MDF, pákó tí wọ́n fi ẹ̀bù igi ṣe, máa ń wú.

Káfíńtà Bódìjà:
Torí omi tá a fi ń fọlẹ̀ ni. Ẹ fi kọnkéré gbé ìdí island sókè ní 10 cm, kẹ́ ẹ lẹ táìsì mọ́ ọn, kí marine board (pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́) wá jókòó lé e. Igi kankan ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Onílé Tuntun:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Tá a bá ṣe tábìlì báyìí, tá a wá fẹ́ island lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?

Oníná Abẹ́òkúta:
Ẹ ri páìpù iná 20 mm kan sábẹ́ ilẹ̀ láti ara ògiri dé àárín yàrá, kẹ́ ẹ fa okùn sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ sì dí ẹnu rẹ̀. Okùn yẹn ni wọ́n máa fi fa wáyà 2.5 mm wọlé fún blender. Kí púlọ́ńbà náà fi 50 mm ti ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdérí. Ẹ wọn ibi tó wà láti ògiri méjì, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó lẹ táìsì.

Asọ̀rọ̀ṣókí:
Igi wo ni kí wọ́n fi ṣe tábìlì náà?

Káfíńtà Bódìjà:
Ìrókò tàbí apá, tó bá ti gbẹ dáadáa. Arère rọ̀ jù, ìdí abọ́ á máa ha á. Pákó tútù ló ń ba tábìlì jẹ́: tí ọyẹ́ bá dé, á fún, ojú ìsopọ̀ á là. Èyí tó gbẹ náà ṣì ń sún. Orí tábìlì tó fẹ̀ ní mítà kan lè sún tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọyẹ́ àti òjò. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án pa mọ́ ẹsẹ̀. Kí ihò skúrù gùn gbọọrọ, kí igi lè ríbi sún lọ sún bọ̀. Igi tó so ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ kò gbọdọ̀ jìn ju 10 cm, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ itan ò ní wọlé.

Ìyá Olóúnjẹ:
Ìkòkò gbígbóná ńkọ́? Ó máa ń fi àmì funfun sí i.

Káfíńtà Bódìjà:
Fáníìṣì lásán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, màmá. Ẹ ní kí wọ́n fi PU, fáníìṣì tó le ju ti lásán lọ, kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n fi sáńpépà 320 ha á láàárín ìkùn kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó tó ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó tẹ́ rọ́bà tàbí aṣọ lé e. Èyí tí wọ́n bá yára bò máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ṣì ń fẹ́ nǹkan sábẹ́.