ATV wo ni ká rà fún ọdẹ, ẹrù fífà àti ìrìn inú igbó? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àjàní, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan jọ háyà ilẹ̀ ọdẹ lẹ́bàá Crockett, ní ìlà oòrùn Texas níbí. Igi páìnì ló kún ibẹ̀. Iyanrìn ló wà lókè, amọ̀ pupa ló wà nísàlẹ̀ létí odò, bí òjò bá sì ti rọ̀, bàtà èèyàn á há síbẹ̀. Láti ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí dé ìdí ègùn mi ju máìlì kan lọ. Àgbàdo la ń rù lọ fún àgbọ̀nrín, ẹ̀yìn mi sì ti ní òun ò ṣe mọ́.

ATV kan ṣoṣo, ìyẹn ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù, ni mo fẹ́ rà. Kó gbé mi dé ìtòsí ègùn láìpariwo jù, kó fa tírélà kékeré tó kún fún àgbàdo àti omi, kí èmi àti ìyàwó mi sì lè máa fi ṣe fàájì lójú ọ̀nà igbó Sam Houston nígbà tí àsìkò ọdẹ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí mò ń wò ni Honda Rancher 420, Honda Foreman, Polaris Sportsman 570 àti Yamaha Kodiak 450. Ọ̀dọ́kùnrin tó dá mi lóhùn níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ẹlẹ́ńjìnnì ńlá 850 cc ni ọkùnrin ń rà. Mo rẹ́rìn-ín, mo jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Ọlọ́dẹ, Conroe

Àjàní, ọmọ mi, ẹ̀rín tó o rín yẹn tọ̀nà. Èmi ti ń gun nǹkan wọ̀nyí láti ìgbà tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣì pọ̀ nínú igbó. Ìyẹn dojú dé èèyàn púpọ̀, títí àwọn tó ń ṣe é fi bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣàdéhùn ní 1988 pé àwọn ò ní tà á mọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti wà lórí àtẹ ṣáájú ìgbà náà. Honda sì ti gbé èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà jáde ní 1986.

Kó o tó bi wọ́n léèrè bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, lọ mọ bí ẹrù rẹ ṣe wúwo tó. Jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Àpò àgbàdo àgbọ̀nrín kan jẹ́ 50 pọ́n-ùn. Mẹ́wàá nínú ẹ̀, 500. Tírélà fúnra rẹ̀, ká ní 250. Omi gálọ́ọ̀nù 20, tí gálọ́ọ̀nù kan lé díẹ̀ ní 8 pọ́n-ùn, á sún mọ́ 167. Àpapọ̀ rẹ̀ 917. Ohun tí ìwé Rancher 420 sì ní ó lè fà kò ju 848 lọ, àti tírélà àti ohun tó wà nínú rẹ̀. O ti kọjá ààlà kó o tó kúrò nílé. Foreman tí wọ́n tún ṣe ní 2020 àti Kodiak 450 lè fa 1,322 ní tiwọn. Wò ó dáadáa: ẹ́ńjìnnì Kodiak yẹn, 421 cc ni, kò fi nǹkan kan ju ti Rancher lọ. Férémù, bíréèkì àti ìwúwo ọkọ̀ náà ló ń sọ ohun tó lè fà. Ẹni tó bá ní kó o ra 850 torí ẹrù, owó rẹ ló ń wò.

Ohun kejì: gígun òkè kọ́ ló ń da ẹlẹ́rù láàmú, sísọ̀ kalẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọkọ̀ kan, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, tó jẹ́ pé bó o bá ti yọ àtàǹpàkò kúrò lórí iná, ìyẹn ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè sáré, báyìí, ṣe ló máa ń sáré fúnra rẹ̀. A ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò lọ́jọ́ kan, òun níwájú pẹ̀lú tírélà, èmi lẹ́yìn. Ó yọwọ́ iná, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó tẹ bíréèkì, táyà ẹ̀yìn gan, kò yí mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí amọ̀. Tírélà dábùú, ó wá ń bá ọkọ̀ náà rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kò tẹ̀ lé e mọ́. Ó fò sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ohun gbogbo ṣubú sọ́wọ́ ọ̀tún. Nǹkan kan ò ṣe é, a dúpẹ́. Àgbàdo fọ́n ká gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló sì wá jẹ gbogbo rẹ̀ lóru. (Àǹfààní díẹ̀ nìyẹn ṣáá, torí láti oṣù Kẹsàn-án 2019, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá yìnbọn fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ aládàáni ní Texas, bí onílẹ̀ bá ti gbà. A padà lọ lálẹ́ ọjọ́ kejì.)

Torí náà, bó o bá fẹ́ dán ọkọ̀ wò, wá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yọwọ́ iná, kó o rí i bóyá ẹ́ńjìnnì á di ọkọ̀ mú. Rancher àti Foreman kò ní bẹ́líìtì rọ́bà tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, jíà gidi ni, ó máa ń di ara rẹ̀ mú. Kodiak ní bẹ́líìtì, àmọ́ wọ́n ṣe é kí ẹ́ńjìnnì ṣì lè fà á sẹ́yìn bó bá ń sọ̀. Foreman lèmi ń gùn.

Ìyá Ìbejì, Atlanta

Ẹ ṣeun, Bàbá. Bọ̀dá Àjàní, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀ o. Ibì kan nínú ọ̀rọ̀ yín ló gbé mi sókè: ẹ ní ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ẹ sì ní ATV kan ṣoṣo. Níbo ni ìyàwó yín máa jókòó sí?

Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń tà á, ẹnì kan ni wọ́n ṣe é fún. Síìtì náà gùn lóòótọ́, àmọ́ awakọ̀ ló ni gbogbo rẹ̀: á sún sẹ́yìn bó bá ń sọ̀, á sún síwájú bó bá ń gòkè, á fẹ̀gbẹ́ tì bó bá ń yà. Ẹ wá gbé ẹlòmíì sẹ́yìn, ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà sún? Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni méjì, ó gùn ju ìwọ̀nyí lọ. Èmi rí ìyàwó kan tó jókòó sórí irin ìgbẹ́rù lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ nígbà tí a jọ jáde. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ni iwájú ọkọ̀ gbéra nílẹ̀. Igbe tí obìnrin yẹn ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Kodiak 450 lèmi ń gùn. Newnan, tí kò jìnnà sí wa níbí, ni Yamaha ti ń to ATV wọn, ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n rà á ṣá. Ohun tó jẹ́ kí n rà á ni pé mi ò ga, mi ò sì lágbára ọwọ́. Mo gun ọkọ̀ ńlá ti ọkọ mi lójú ọ̀nà tó kún fún gbòǹgbò igi, àárín wákàtí méjì, apá mi ti ń gbọ̀n. Ẹ sanwó lé èyí tí iná mànàmáná ń ràn yín lọ́wọ́ láti yí ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní EPS. Ẹ má ṣọ́wó níbẹ̀. Àpáta tó bá kọ táyà iwájú kò ní já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ yín mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ kúkú lọ ra onísíìtì méjì tó ní òrùlé, bí ojú ọ̀nà igbó bá ti jẹ yín lógún. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà inú igbó ìjọba ni kò gba ohun tó fẹ̀ ju ínṣì 50 lọ. Ní Texas tiyín, ẹ gbọ́dọ̀ ra sítíkà OHV, ìyẹn ti ọkọ̀ inú igbó, $16 ni lọ́dún, bí ẹ bá fẹ́ gùn lórí ilẹ̀ ìjọba, hẹ́mẹ́ẹ̀tì àti awò ojú sì di dandan.

Àwọn ìbejì mi fẹ́ gun tèmi náà, wọ́n sunkún títí. Mo ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ fún mi sókè: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ gùn ún. A ra kékeré tó bá ọjọ́ orí wọn mu, wọ́n sì lọ kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Káyọ̀dé, Brooklyn Park, Minnesota

Bàbá, ẹ má bínú, mi ò bá yín jiyàn o, àmọ́ ẹ ti gbàgbé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n Àjàní. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Irin kan ṣoṣo tó le gbọnran ló so táyà ẹ̀yìn Foreman méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá gun gbòǹgbò, èkejì á gbọ́ nípa ẹ̀, ìbàdí ẹni tó jókòó náà á gbọ́. Ti Sportsman 570 àti Kodiak, táyà kọ̀ọ̀kan ló ní ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ tó sì ń dá gòkè dá sọ̀. Bí ẹ bá taku pé Honda ni, Rubicon ni kí ẹ wò, ẹ́ńjìnnì Foreman ló ní, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀.

Sportsman 570 ni tèmi. Polaris, ọmọ ilẹ̀ wa ni níbí, Roseau lókè lọ́hùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òtútù ni mo máa ń lò ó jù. Mo máa ń fi pátákó irin kó yìnyín kúrò lójú ilé àwọn àgbàlagbà ládùúgbò, mo sì máa ń fi fa ahéré ìpẹja lọ sórí adágún tó ti dì. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Kí n tó gbé e sórí adágún, mo máa ń lu ihò, mo máa ń wọn yìnyín: ínṣì 5 sí 7 tó mọ́ gaara ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i níbí ní kó wà nílẹ̀ fún ATV kékeré. Bó bá dín, mo máa ń padà sílé jẹ ẹja inú fìríìjì.

Ní ti bẹ́líìtì tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù: ẹni tó ń sun ún ni ẹni tó ń fa ẹrù wúwo ní H, jíà eré. Ẹ fi jíà sí L, ti agbára, bí ẹ bá ti so tírélà mọ́ ọn, kódà bí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Èmi máa ń gbé bẹ́líìtì kan dání lábẹ́ síìtì, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń yọ ọ́.

Àgbọ̀nrín ńkọ́? Irin ìgbẹ́rù ẹ̀yìn Sportsman gba 180 pọ́n-ùn, ti Rancher gba 133. Àgbọ̀nrín ńlá tibí lè ju 133 lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ìfun rẹ̀.

Ọdẹ Òkè-Ògùn, Ṣakí

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú ìgbádùn. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mò ń mirí. Bajaj Boxer la fi ń ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí. A ti fi gbé ẹtu, a fi gbé àpò àgbàdo mẹ́ta, a fi gbé ẹni tí ejò bù jẹ dé ọsibítù. Ọ̀nà oko wa, ẹsẹ̀ kan ló fẹ̀, pákó kan ṣoṣo ló sì wà lórí odò míì. Níbo ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fẹ́ gbà?

Ọlọ́lá kan gbé ATV wá sí oko rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó wù wá, irọ́ kọ́. Ó fi fa ìrẹsì, ó fi fa iṣu, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí irin kan nínú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣẹ́, mẹkáníìkì wa wò ó títí, ó ní òun lè jó o, àmọ́ òun ò lè ṣẹ̀dá ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n ra á wá láti òkè òkun. Abẹ́ rẹ̀ ni adìẹ ń yé sí báyìí. Boxer ní tirẹ̀, kò sí ìsọ̀ tí ẹ kò ti ní rí páàtì rẹ̀ rà, láti ibí dé Ìgbòho.

Ẹ jọ̀ọ́, ariwo rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀yà ti máa ń gbúròó Boxer kí n tó já sí odò. Mo máa ń gbé e sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, kí n fẹsẹ̀ rìn ìyókù.

Àjàní, Houston

Bàbá, Ìyá Ìbejì, Káyọ̀dé, Ọdẹ Ṣakí, ẹ ṣé gan-an ni. Ọdẹ, bákan náà ló rí níbí. Àwọn tí a jọ háyà ilẹ̀ máa ń pa ẹ́ńjìnnì tiwọn ní nǹkan bí 300 yáàdì sí ègùn, wọ́n á yọ ọta kúrò nínú ìbọn kí wọ́n tó gùn ún, wọ́n á tún kì í nígbà tí wọ́n bá délẹ̀.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sétí ìyàwó mi. Ó ní òun ò ní jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ tòun. Nítorí náà owó ti di ìlọ́po méjì. Mo ti dán méjì wò níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí Bàbá ṣe wí, Rubicon àti Kodiak 450, ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì di ọkọ̀ mú. Bó bá jẹ́ àlòkù ni ká rà kówó lè ká méjì, kí ni ká máa wò?

Bàbá Ọlọ́dẹ, Conroe

Ṣí ibi tí fílítà atẹ́gùn wà kó o tó wo ohunkóhun. Bí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá wà nínú ibẹ̀, wọ́n ti gbé e wẹ odò, máa bá tìrẹ lọ. Yọ irin tí wọ́n fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì: bó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Gbé iwájú rẹ̀ sórí jáàkì, di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mì í. Bó bá ń mì, owó ńlá nìyẹn. Wo àwọn rọ́bà dúdú tó bo oríkèé irin tó ń yí táyà, bí ọ̀kan bá ti ya, iyanrìn ti wọlé. Kí ẹni tó ń tà á má sì tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ dè ọ́. Ìwọ ni kó o tan án, nígbà tó tutù.

Kodiak ni kó o mú fún ẹ̀yìn rẹ, màá gbà fún Káyọ̀dé níbẹ̀. Tírélà kan wà lẹ́yìn ilé mi tí mi ò lò mọ́, táyà rẹ̀ nìkan ló fẹ́ pààrọ̀. Bọ́ọ̀lù irin ínṣì 2, tí wọ́n fi ń so tírélà mọ́ ọkọ̀, ló ń lò. Wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ kó tó di Sátidé kìíní oṣù Kọkànlá o, torí mi ò ní sí nílé mọ́ bí àsìkò àgbọ̀nrín bá ti ṣí.